Òdòdó Tí Kò Lójú

Obìnrin tó ni ìtàn yìí kò bẹ̀ mí pé kí n bá òun bu omi sí i. Ó jókòó síwájú mi, ó ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan, ó ní, "Bó ṣe rí gan-an ni kí ẹ kọ ọ́. Tí wọ́n bá máa bú mi, kí wọ́n bú mi dáadáa." Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí n fi gbólóhùn kan parí rẹ̀. Ẹ ó bá a nísàlẹ̀ tí ẹ bá fara balẹ̀ bá mi débẹ̀.

Oníwèé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bébà ló ń ṣe, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kọ nǹkan sí. Páálí róbótó kéékèèké tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rọ ìpara ojú sí ni.

Tẹ́lẹ̀, inú ike ni ẹ̀gbọ́n yìí ń rọ ìpara sí bíi ti gbogbo èèyàn. Àfi lọ́jọ́ tí òjò ńlá kan rọ̀, tí gọ́tà iwájú ilé dí, tí àwọn ọkùnrin àdúgbò wá ń fi ọ̀pá wa ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde. Ike ìpara ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń wà, orúkọ rẹ̀ sì wà lára gbogbo wọn gàdàgbà. Ojú tì í débi pé kò lè kí wọn kú iṣẹ́.

Ó wọlé tọ àbúrò rẹ̀ lọ. "Bá mi wá nǹkan tó máa jẹrà. Mi ò fẹ́ kí ìdọ̀tí máa jẹ́ orúkọ mi kiri."

Bí Oníwèé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Á rẹ bébà àlòkù sínú omi, á lọ̀ ọ́ kúnná, á fi asẹ́ gbè é, á fún omi rẹ̀ dànù, á tẹ́ ẹ sórí aṣọ kó gbẹ. Ó fi ìda oyin ra inú páálí kí òróró ìpara má baà jò. Ọmọrí nìkan ni kì í fi ìda kàn, torí inú bébà ọmọrí ló ń po irúgbìn mọ́. Tí o bá lo ìpara tán, wàá ya ọmọrí náà, wàá rẹ ẹ́ sómi, wàá tẹ̀ ẹ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, láìpẹ́ ewé á yọ.

Irúgbìn tí wọ́n ń rà ni wọ́n ń lò, ó sì ń hù. Àwọn oníbàárà mìíràn wá ń fi ìpara para bí ẹni ń kun ògiri, kó lè tètè tán kí wọ́n rí nǹkan gbìn. Ẹ̀gbọ́n ní irú ìyẹn ò bí òun nínú.

Ọmọbìnrin kan péré ni ẹ̀gbọ́n bí. Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń pè é, torí tó bá ti ilé-ìwé dé, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa yẹ iṣẹ́ àwọn àgbà wò. Ìbéèrè rẹ̀ kì í tán.

"Àǹtí Oníwèé, kí ló dé tí ẹ kì í sá bébà yìí sóòrùn? Ṣebí á tètè gbẹ."

"Irúgbìn inú ẹ̀ ń sùn ni. Tí ooru bá mú un jù, kò ní jí mọ́."

"Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń sùn, pé kò tíì kú?"

"Èèyàn ò lè fojú mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Àfi tí wọ́n bá gbìn ín."

Ọ̀gá Kékeré ní ọgbà tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kan ló gbìn síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn ló fún un ní irúgbìn rẹ̀. Bí àwọn òdòdó náà bá ti là, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́.

"Àǹtí, ẹ wá wò ó. Ó ń wò yín."

"Mo ń bọ̀."

Kò lọ rí. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà nínú omi, asẹ́ á wà níwájú rẹ̀, òdòdó kò sì ní sá lọ. Láti ojú fèrèsé ló ti ń rí wọn lókèèrè, yẹ́lò, yẹ́lò, ó sì ti tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ibà ló bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí gbogbo ọmọ máa ń ní. Kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe ibà lásán, ọmọ ti lọ. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Oníwèé débẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ńṣe ló ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ po, tí kò wò mí.

Ọ̀fọ̀ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí onílé fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Kò mọ nǹkan kan nípa ọgbà, ẹrẹ̀ ló ní òun ń bá jà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fi máa délé, ilẹ̀ ti ń dán. Ó dúró lórí rẹ̀, ó bọ́ bàtà. Gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù nínú ọgbà náà ni irúgbìn inú ìgò kékeré kan, èyí tí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ ká kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ìgò yìí ni ẹ̀gbọ́n gbé wá sí yàrá iṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

"Pò wọ́n mọ́ bébà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀."

"Tí mo bá ń tọ́jú ẹ̀ sínú ìgò, ọjọ́ kan ló máa kú síbẹ̀. Jẹ́ kó lọ hù nílé àwọn oníbàárà wa. Ibikíbi tí mo bá yà sí, kí n máa rí i."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Ọmọ yẹn kì í ṣahun, o mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣáà fún mi ní ọmọrí kan níbẹ̀, kí n gbin tèmi."

Oníwèé fi ọwọ́ méjèèjì gba ìgò náà. Ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò mọ̀.

Ní àkókò yẹn gan-an ni obìnrin kan tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá, ọṣẹ àti ìpara ni gbogbo ọjà rẹ̀, wá wo iṣẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n ń ṣàlàyé ìpara fún un. Obìnrin náà ò gbọ́, páálí ló ń yí sọ́tùn-ún sósì.

"Ìpara pọ̀ níta," ó ní. "Páálí yìí ni mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ta ló ṣe é?"

Láti ìgbà tí Oníwèé ti ń ṣe bébà, ẹnikẹ́ni ò bi í rí pé ta ló ṣe é. Ó ní ọ̀rọ̀ náà wọ òun lára bí omi gbígbóná lásìkò òtútù. Kí ẹ̀gbọ́n tó la ẹnu, ó ti dáhùn.

"Èmi ni, mà. Ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, yóò ti wà nílẹ̀."

Ni òjò bá dé.

Òjò tó ń rọ̀ láàárọ̀, tó ń rọ̀ lọ́sàn-án, tí aṣọ ò gbẹ lára okùn, tí ògiri ń làágùn. Bébà tó ní irúgbìn nínú kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ nínú omi. Tí kò bá tètè gbẹ, á bu bíi búrẹ́dì àná, tàbí kí irúgbìn jí sínú rẹ̀ láìtọ́jọ́. Ó ti po gbogbo irúgbìn inú ìgò mọ́ bébà ti ṣọ́ọ̀bù yìí, ó sì ti ń rí àmì dúdúdúdú ní etí àwọn kan. Oníṣọ́ọ̀bù pè é lórí fóònù. "Ṣé ẹ ń bá iṣẹ́ lọ?"

"À ń bá a lọ, mà."

Ó lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó lè bẹ oníṣọ́ọ̀bù pé kó fi páálí lásán patẹ ná, kí èyí tí ọmọrí rẹ̀ ní irúgbìn wá tẹ̀lé e. Èmi náà bi í léèrè ìdí tí kò fi ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó ní, "Ó ti bi mí pé ta ló ṣe é." Èsì rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni oníbúrẹ́dì kan ń gbé. Bó bá ti kó búrẹ́dì àárọ̀ jáde, ààrò rẹ̀ á ṣì gbóná fún ìgbà pípẹ́. Oníwèé ti gbé bébà dé ẹnu ààrò kó tó rántí kí i.

Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí. "Ìwé lẹ fẹ́ yan? Ṣé kí n bá yín fi bọ́tà sí i?"

Ó bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé iná ti kú, ìgbóná rẹ̀ ti rọ̀. Ó na ọwọ́ sínú ààrò kó lè fi dá ara rẹ̀ lójú. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè dúró níbẹ̀, ó yára fà á jáde, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Lẹ́yìn náà ló ti bébà wọlé.

Ó gbẹ. Ó gbẹ dáadáa, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ó gbé ewé bébà kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo irúgbìn inú rẹ̀, ó rí wọn bí wọ́n ṣe máa ń rí. Èèyàn ò lè fojú mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́sí ló wá dì mú báyìí, ó fi tu ara rẹ̀ nínú. Bóyá wọ́n ṣì ń sùn. Àti pé mélòó nínú àwọn tó ń ra ìpara ló ń gbin ọmọrí gan-an?

Ẹ̀gbọ́n dé, ó mú ọmọrí kan, ó gbé e símú. "Ó ń rùn bíi búrẹ́dì."

"Ẹ mọ̀ pé oníbúrẹ́dì ò jìnnà síbí."

"Ó mà gbẹ o. Nínú òjò yìí?"

"Atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n fi ọmọrí náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó pa ojú dé. Èyí tó mú fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù ṣí, gbogbo ayé gbóríyìn. Oníṣọ́ọ̀bù fa Oníwèé lọ́wọ́ káàkiri, "Ẹni tó ṣe é rèé, ẹ wò ó," páálí sì tán lórí àtẹ. Ó ní òun ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má kàánú rẹ̀, ó ní àpọ́nlé náà dùn mọ́ òun síbẹ̀.

Láìpẹ́ àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀gbọ́n.

"Mo gbìn ín o, kò hù. Bóyá ọwọ́ mi ni."

"Ẹ má dáwọ́ omi dúró, mà. Ẹ mú sùúrù fún un."

Òmíràn ní, "Ó jọ pé mi ò mọ nǹkan ọ̀gbìn ni. Ẹ máà bínú." Ẹ̀gbọ́n á tù ú nínú. Oníwèé á wà níbẹ̀, á máa gé páálí, á máa gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìkòkò amọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ ló gbin tirẹ̀ sí. Láràárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Oníwèé á dé, á kí i.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì hù?"

"Kò tíì hù."

Bẹ́ẹ̀ ni títí àwọn méjèèjì ò fi béèrè mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ò dìde níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wò wọ́n.

"Ọmọ ò yè lọ́wọ́ mi," ó ní. "Òdòdó náà ò tún yè. Bóyá ọwọ́ mi ló ń pa nǹkan."

Ibi tó yẹ kó ti jẹ́wọ́ rèé, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Gbólóhùn kan péré ni, ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, yóò hù," ó sì gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta irúgbìn lọ tààrà.

"Òdòdó yẹ́lò ni mo fẹ́."

"Yẹ́lò wo? Wọ́n pọ̀."

"Yẹ́lò ṣá. Èyí tí kì í ga."

Ọkùnrin náà bù ú fún un nínú bébà. Lọ́jọ́ kejì, fóònù ẹ̀gbọ́n dún nínú ilé, ẹ̀gbọ́n wọlé lọ gbé e. Oníwèé fi ìka lu iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò, ó ju irúgbìn sí i, ó tẹ́ ojú rẹ̀, ó nu ìka mọ́ ìdí aṣọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n jáde, ó ń gbá ẹnu ọ̀nà fún un.

Ó hù.

Ẹ̀gbọ́n fi fóònù pè é, èémí rẹ̀ nìkan ni Oníwèé ń gbọ́. Nígbà tó débẹ̀, ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, imú rẹ̀ ń ṣàn bíi ti ọmọdé. Ewé tín-ń-tín méjì ló yọ. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó ní, "O ṣeun. Ìwọ lo ṣe é. Ìwọ lo jẹ́ kó yè."

Ó pe gbogbo àwọn tó ti pè é. "Tèmi ti hù o! Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ wa." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun gidi. Ó tún ń kọrin lábẹ́ ahọ́n bó ti ń po ìpara, ohun tí kò ṣe látìgbà tí ọmọ ti lọ. Oníwèé gbọ́ orin yẹn, ó ní òun sọ fún ara òun pé ó ti parí síbẹ̀, pé irọ́ náà ti di oore. Mo ní kó tún gbólóhùn yẹn sọ. Ó tún un sọ, ó bojú.

Àárọ̀ tí òdòdó náà là, ẹ̀gbọ́n tún pè é. Ohùn rẹ̀ ò ga. "Wá wò ó."

Lọ́tẹ̀ yìí kò sọ pé, "Mo ń bọ̀." Bébà rírẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá nígbà tó débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó lórí àga kékeré, ìkòkò wà lórí itan rẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Ó rẹwà, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú oríire."

"Mo ní kí lo rí."

"Òdòdó yẹ́lò."

"Ojú ẹ̀ dà?"

Oníwèé wo òdòdó náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ojú wo?"

Ẹ̀gbọ́n rọra ń sọ ọ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìwé.

"Òdòdó ọmọ mi ní ojú dúdú láàárín, róbótó, bí ẹyinjú. Ìdí tó fi ń sọ pé ó ń wo èèyàn nìyẹn. Ojoojúmọ́ ló ń pè ẹ́ pé kó o wá wò ó." Ó yí ìkòkò náà díẹ̀. "Eléyìí ò lójú. Ta ló gbìn ín?"

Ẹ̀gbọ́n ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀, ó wá a títí, ó fa ọmọrí páálí jáde. Ó ti rọ̀, ó ti ń ya, àmọ́ irúgbìn wà lára rẹ̀ síbẹ̀, ó dúdú, kò là, kò yọ nǹkan kan. Òdòdó tuntun náà ti ta gbòǹgbò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Oníwèé kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, òjò, oníṣọ́ọ̀bù, ààrò, ọkùnrin tó ń ta irúgbìn. Ó sọ bó ṣe na ọwọ́ sínú ààrò tí ọwọ́ náà ò lè dúró.

"Gbogbo ẹ̀ lo gbé síbẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Kò sí èyí tó ṣẹ́ kù sílẹ̀? Ọ̀kan?"

"Kò sí."

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n yóò pariwo. Oníwèé náà rò bẹ́ẹ̀, ó ní òun ń retí ìgbájú, pé ìgbájú ì bá dára. Ẹ̀gbọ́n gbé ìkòkò sílẹ̀, ó lọ fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ó padà wá, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ mi kọ́," ó ní.

"Ọwọ́ yín kọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dárí jì mí."

"Láràárọ̀ ni mò ń wo ọwọ́ yìí. Tí mo bá ń po ìpara, mo ń wò ó. Mo ń bi í pé kí ló ṣe fún ọmọ mi. Ìwọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o sì mọ̀." Ohùn rẹ̀ já níbẹ̀. "Ká ní o sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ òjò yẹn, màá bínú, màá bú ẹ, màá sunkún. Òdòdó nìkan ni ǹ bá pàdánù."

Ó wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ó ń po ìpara síbẹ̀. Inú páálí ló ṣì ń rọ ọ́ sí, torí ọ̀rọ̀ gọ́tà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, àmọ́ ẹlòmíràn ló ń ṣe páálí náà fún un, ọmọrí rẹ̀ kò sì ní nǹkan kan nínú. Tí Oníwèé bá kí i, á jẹ́ ẹ. Á ní "káàárọ̀," kò ní fi "báwo ni" tẹ̀lé e.

Kò fa òdòdó náà tu. Ó wà nínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bu omi sí i. Nígbà tí aládùúgbò kan béèrè, ó ní, "Òun ò ṣẹ̀ mí." Oníwèé máa ń dúró síwájú rẹ̀ báyìí tó bá ń kọjá, á bẹ̀rẹ̀, á wò ó dáadáa, láti ewé dé orí. Kò sẹ́ni tó ń pè é pé kó wá wò ó mọ́.

Gbólóhùn tí mo ní ẹ ó bá nísàlẹ̀ rèé. Oníwèé ní ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n òun ní kí òun ṣe látìgbà náà ni pé kí òun sọ ọ́ fún yín, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ra ìpara inú páálí yẹn, tí ẹ ya ọmọrí rẹ̀, tí ẹ gbìn ín, tí ẹ ń bu omi sí i títí, tí kò hù, ọwọ́ yín kọ́.